Ta Ló Ń Pààrọ̀ Ọ́ìlì Mọ́tò Yín?

Aago méje àárọ̀ Sátidé kò tíì lù ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, Toyota Corolla ọdún 2005 ti gun orí pákó gbọọrọ méjì tí káfíńtà kàn léra. Iwájú mọ́tò náà ga sókè díẹ̀, òkúta ńlá méjì sì há mọ́ táyà ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ méjì tó wọ bàtà rọ́bà ló yọ síta lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá onílé ń bọ̀ láti ìdí kànga. Ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú pé n ò lè kúnlẹ̀."

"Káàárọ̀, Tíṣà. Mẹkáníìkì yín ńkọ́?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sà."

"Ẹ ṣọ́ra o, kí mọ́tò má jábọ́ lé yín."

"Kò sí lórí jáàkì, sà. Ó dúró dáadáa."

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni obìnrin náà, ó ti lé lógójì ọdún. Sípánà 14 ló kọ́kọ́ fi dẹ nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì. Ó wá ju sípánà sílẹ̀, ó ń fi ọmọ ìka yí i. Bó ṣe ń yí i náà ló ń tì í sókè, kí ọ́ìlì má bàa jò jáde ṣáájú àsìkò. Nígbà tó kan téèdì tó kẹ́yìn, ó fa ọwọ́ yọ wéré. Ọ́ìlì dúdú ya wàà sínú báàfù ìfọṣọ àtijọ́ tó gbé sísàlẹ̀. Nígbà tó yá ó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, ó wá kù kí ó máa kán tó, tó.

Kì í ṣe àìlówó ló sọ obìnrin yìí di mẹkáníìkì ara rẹ̀. Ó ní ìfura kan ló mú òun lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó mú ọ̀dà èékánná pupa, ó fi kán tóótó kan sí ìdí fílítà ọ́ìlì kí ó tó gbé mọ́tò lọ fún sáfíìsì. Wọ́n gba owó ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba owó fílítà. Nígbà tó délé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ mọ́tò. Tóótó pupa náà wà níbẹ̀ digbí.

"Mi ò bá a jà," ó ní. "Mo kàn ra sípánà."

Ẹni tó bá gbọ́ pé ènìyàn ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ rò pé owó ni onítọ̀hún kò fẹ́ ná. Lọ́dọ̀ tiwa, owó iṣẹ́ kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ́ìlì. Kò sí ẹni tó máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí yanrìn nítorí rẹ̀ nìkan. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá ni ìfọ̀kànbalẹ̀: pé ọ́ìlì tí òun rà ló wọ inú ẹ́ńjìnnì òun, pé fílítà tí òun sanwó fún ló wà níbẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

O ti ń ṣe é fún jẹnẹrétọ̀

Ohun kan wà tí mo rò pé a kò kíyè sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ilé wọn láìpe ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún méjìlá ń ṣe é. Wọ́n á dẹ jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, wọ́n á da dúdú nù, wọ́n á bu tuntun sí i, wọ́n á sì fa okùn rẹ̀ kí iná lè wá.

Ẹ́ńjìnnì Honda GX160, tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì láti Ṣáínà fara wé, ń gba ọ́ìlì tó tó 0.6 lítà. Ìwé rẹ̀ ní kí á pààrọ̀ ọ́ìlì náà lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn, kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà síra. (Èyí kò kan àwọn kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù wọn; tiwọn yàtọ̀.) Ilé tí kò bá rí iná mànàmáná lò láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀gànjọ́ lójoojúmọ́ á ti lo wákàtí 100 yẹn tán kí oṣù tó parí. Àwa tá a wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pààrọ̀ ọ́ìlì ju ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ní mọ́tò mẹ́ta lọ.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń gbà ṣiṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ọ́ìlì rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní fílítà, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Ìkẹta yìí nìkan ló yẹ kí ó ba ènìyàn lẹ́rù.

Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe sọ fún mi pé àṣìrò tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọ́ìlì kàn ń mú kí irin yọ̀ lórí irin. Ó ní tí iṣẹ́ bá ń lọ bó ṣe yẹ, irin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin rárá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni kíráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì léfòó sí. Ọ́ìlì yìí kan náà ló ń gbé ooru kúrò níbi tí omi rédíétọ̀ kò lè dé. Òun ló ń fọ inú ẹ́ńjìnnì, òun ló sì ń gbé ìdọ̀tí náà rìn títí tí fílítà fi máa gbà á.

Nítorí náà, ọ́ìlì tó dúdú kì í ṣe ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ dandan. Ó dúdú nítorí pé ó ń fọ nǹkan. Ohun tó ń pa ọ́ìlì ni pé èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn ń tán díẹ̀díẹ̀, nígbà tí èéfín, bẹntiróòlù tí kò jóná tán àti ooru omi ń kóra jọ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù á ṣí ọmọrí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan, á bá nǹkan dúdú tó ki bí àmàlà níbẹ̀. Nǹkan náà ló máa dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Iná pupa tó ní àwòrán agolo á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ délé ná kí òun tó pa mọ́tò, ariwo "kọ́-kọ́-kọ́" ló máa bá a délé.

Ìgbà wo ló yẹ kí á pààrọ̀ rẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, Toyota gbà pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń lo 0W-20 síńtẹ́tíìkì lè rin 10,000 máìlì kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Toyota kan náà ló sọ pé kí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà eléruku, tàbí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìgbà pípẹ́, dín in kù sí ìdajì. Ẹni tó bá ti wà lórí afárá Third Mainland l'Ékòó ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni òun. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjì, mọ́tò kò rin kìlómítà mẹ́wàá. Iye ìrìn tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò mọ ohun tí ọ́ìlì fojú rí. Ìdí nìyí tí 5,000 kìlómítà tí àwọn mẹkáníìkì wa ń sọ kò fi burú. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sí i pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Ayé tó kọjá ibẹ̀ kì í ṣe ayé Òjótà.

Ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì

Lọ sí ọjà páàtì ní Ààrárọ̀mí nítòsí Géètì n'Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Mushin, kí o bèèrè ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, 20W-50 ni wọ́n máa nà sí ọ láì bi ọ́ pé mọ́tò wo ni. Ó ti mọ́ wa lára láti ayé Peugeot 504.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tó ní W lẹ́gbẹ̀ẹ́, ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. Ìkejì ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ìbàdàn kò ní yìnyín, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan gbà pé W kò kàn wá. Onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn kò gbà. Ó ní ní àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jí, 20W-50 ki ju 5W-30 lọ ní ìlọ́po méjì ó lé. Àárọ̀ yìí sì ni irin ń jẹ irin jù, kí ọ́ìlì tó gun òkè. Lára àwọn ọkọ̀ tó ní VVT-i, ètò tó ń fi ọ́ìlì yí àsìkò fáàfù padà, ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kéré gan-an. Ẹ́ńjìnnì Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó kún ìgboro wa, 5W-30 ni Toyota kọ sínú ìwé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Kò wá túmọ̀ sí pé 20W-50 jẹ́ májèlé. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó ti gbó, tó ń mu ọ́ìlì, lè dákẹ́ díẹ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ bá ki sí i, àwọn mẹkáníìkì àgbà mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìrora ló pa fún un, kò wo àìsàn.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé API (àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fún ọ́ìlì ní ìpele) ló tún yẹ kí ènìyàn wò, kí ó sì wò ó ju àwòrán mọ́tò eré-ìje tó wà lára kẹ́ẹ̀gì lọ. SN jáde ní ọdún 2010, SP ní 2020. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ SF sí lára ṣì wà lórí àtẹ káàkiri, ó sì pọ́n lójú dáadáa. Àjọ API fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1988. Ẹni tó da SF sínú Camry "Muscle" ti fi owó kékeré ra wàhálà ńlá.

Bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ bá ènìyàn wí? Epo rọ̀bì la ń tà fún ayé, síbẹ̀ òkè òkun ni ìpìlẹ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wa ti ń wá. Epo rọ̀bì tiwa fúyẹ́ jù fún un. Wọ́n kọ́ ẹ̀ka kan sínú ilé ìfọpo Kàdúná fún iṣẹ́ yìí, epo tó wúwo láti òkèèrè ni wọ́n sì ṣètò pé kí ó máa lò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹ̀ka náà ti dákẹ́. Dọ́là ló ń dá iye ọ́ìlì. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Gbogbo ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ló bá a gun òkè.

Ibi tí owó bá ti gun òkè báyìí ni ayédèrú máa ń fara pamọ́ sí. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ń pariwo lórí rẹ̀ tipẹ́. Ọgbọ́n náà kò le: wọ́n á ra ọ́ìlì dúdú, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi èròjà kan bó o títí tí á fi pọ́n, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ ńlá sọ ọ́ìlì àlòkù di tuntun lóòótọ́, wọ́n ń ṣe é ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Asẹ́ aṣọ àti iná igi kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Níbo ni wọ́n ti ń rí kẹ́ẹ̀gì? Lọ́wọ́ wa ni. Obìnrin kan tó ń ta ọ́ìlì ní Géètì fi bó ṣe yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò hàn mí. Ó fi èékánná fa eteetí ìdérí, ó ní irin tàbí ike tó dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, láìsí àmì iná tàbí gọ́ọ̀mù. Ó wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì bóyá ó ti pa. Ó wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: "Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ẹ má gbé e fún ọmọ tó ń kiri ra ike. Ẹ̀yin náà ni wọ́n máa tà á padà fún."

Lábẹ́ mọ́tò

Mọ́tò tó wà lórí jáàkì lè jábọ́ pa ẹni tó ń tú nọ́ọ̀tì. Jáàkì wà fún gbígbé mọ́tò sókè, kò wà fún mímú un dúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì náà ń tan ènìyàn: ó le lójú, ó sì lè fọ́ lójijì láìsí ariwo ìkìlọ̀ kankan. Pákó tó nípọn tí mọ́tò fi táyà ara rẹ̀ gùn, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, dára ju méjèèjì. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn mẹkáníìkì ń tì sábẹ́ mọ́tò náà dára. Àwọn kan tí ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í tilẹ̀ gbé mọ́tò sókè rárá.

Kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má gbóná janjan. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kí ó fi ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn tán pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé Èkó lè bó awọ ọwọ́.

Nọ́ọ̀tì wo? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gbẹ̀rì ti ń kàgbákò. Nọ́ọ̀tì gíà wà nítòsí, ó sì jọ ọ́. Tí ohun tó jáde bá pupa, ọ́ìlì gíà lo ń dà nù yẹn, dì í padà kíá. Ẹni tí kò bá kíyè sí i á da ọ́ìlì gíà nù, á tún wá rọ ọ́ìlì tuntun lé èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀, méjèèjì á wá bàjẹ́ pọ̀.

Wáṣà pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu nọ́ọ̀tì náà. Òun ló ń dí i. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ àwọn ọmọṣẹ́ kì í pààrọ̀ rẹ̀; tó bá wá ń jò, wọ́n á ki páìpù bọ ìdí sípánà, wọ́n á fún un pa. Toyota ní 37 Nm péré ni kí wọ́n fi dì í lórí Corolla yìí, ìyẹn agbára ọwọ́ kan pẹ̀lú sípánà kékeré. Téèdì tó bá ti jẹ nítorí páìpù, ẹni tó máa lọ tú u lẹ́yìn náà ló máa jìyà rẹ̀.

Fílítà ló kàn. Tó bá le, àwọn kan ń fi sukudiráfà gún un láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n fi ń yí i. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ á da sí apá wọn. Bébà yanrìn tí wọ́n fi ń ha pákó dáa jù: ẹyọ kan lọ́wọ́, fílítà á yí.

Kí fílítà tuntun tó wọlé, wo ojú irin tó máa jókòó sí. Fi ìka tọ́ ọ yí ká. Rọ́bà fílítà àtijọ́ lè lẹ̀ síbẹ̀ láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Tí wọ́n bá yí fílítà tuntun lé rọ́bà àtijọ́, méjì ló wà níbẹ̀ yẹn, wọn kò sì lè di ara wọn mú. Mọ́tò á jí, á dúró dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ́ìlì á wá ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà lójú títì. Mẹkáníìkì tó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ ṣì ń fi ìka tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà ti tuntun, fi ọwọ́ yí i títí tó fi kan irin, kí o wá fún un ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyíká sí i. Ọwọ́ ni, kì í ṣe sípánà.

Ó wá ku àrọ àti kẹ́ẹ̀gì. Ẹ́ńjìnnì Corolla yìí ń gba lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà tuntun. Kẹ́ẹ̀gì gálọ́ọ̀nù jẹ́ lítà mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa dà á tán, nítorí pé oníbàárà á rò pé wọ́n fẹ́ jí èyí tó kù. Oníbàárà náà jẹ̀bi. Tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kíráńkì á máa pò ó di fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù kò sì lè gbé irin. Da lítà mẹ́ta àbọ̀ sí i, tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan, wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, pa á, dúró kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, fa géèjì, nù ún, tì í bọ̀ ọ́ padà, tún fà á. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o wá máa fi ìyókù kún un dé àmì òkè.

Gbogbo rẹ̀ kò gba wákàtí kan. Kí ènìyàn tó fọwọ́ ló ń pẹ́.

Ẹjọ́ àwọn mẹkáníìkì

Mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Challenge, n'Ìbàdàn, bóyá ó ń bínú sí àwọn oníbàárà tó ń ṣe é fúnra wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní owó tí òun ń gbà lórí ọ́ìlì kò tó iye fílítà, kò lè mú òun bínú. Ohun tó ń dun òun ni nǹkan mìíràn.

"Nígbà tí mọ́tò bá wà lórí kòtò mi," ó ní, "ọ́ìlì nìkan kọ́ ni mò ń wò. Mò ń wo rọ́bà ẹsẹ̀ tó ya, mò ń wo páàdì bíréèkì, mò ń wo ibi tí omi ti ń jò. Màmá kan wá fún ọ́ìlì, mo rí i pé bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì rẹ̀ ti fẹ́ já. Ta ló máa rí ìyẹn fún un nílé?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwáwí. Ẹni tó bá ń ṣe tirẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ kọ́ láti wo àyíká nígbà tó bá wà lábẹ́ níbẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, kí ó máa gbé mọ́tò fún ẹni tó lè wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá náà tún ní ẹ̀sùn kejì. Àwọn oníbàárà ń ra ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú létí títì wá, wọ́n ní kí òun dà á sí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì, òun ni wọ́n á mú lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Mo bi í nípa fílítà tí wọ́n gba owó rẹ̀ tí wọn ò pààrọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àwọn ọmọṣẹ́ wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá, àwọn ọ̀gá náà sì wà. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí oníbàárà ra ọ́ìlì àti fílítà níbi tó dá a lójú, kí ó gbé àga, kí ó jókòó ti mọ́tò rẹ̀, kí ó sì mú fílítà àtijọ́ lọ sílé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí o jókòó ti òun, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Báàfù dúdú

Ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe é nílé jà díẹ̀ nìyí. Nǹkan bí lítà mẹ́rin ọ́ìlì dúdú wà nínú báàfù. Níbo ló ń lọ?

Ní ọgbà mẹkáníìkì, ó níye lórí. Àwọn kan ń wá rà á ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì. Àwọn agégẹdú ń ta á sí ṣéènì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń fi pa inú móòdù kí sìmẹ́ńtì má lẹ̀. Káfíńtà ń fi kun pákó òrùlé nítorí ìkán. Mo mọ ẹni tó ń fi pa ajá tó ní ìfo lára, ìwà ìkà ni: ajá náà á lá ara rẹ̀.

Nílé, ó sábà máa ń parí sí ojú àgbàrá tàbí ìdí ògiri. Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ń dà á sílẹ̀ láti pa koríko. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń pọn omi kànga tó wà nínú ọgbà kan náà, mi ò mọ bí ènìyàn ṣe lè dá irú rẹ̀ láṣà. Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ní ọ́ìlì tó jáde lára mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba gálọ́ọ̀nù omi mílíọ̀nù kan jẹ́. Ìdọ̀tí irin àti èròjà inú èéfín ló wà nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan tún wà lára ike ọ́ìlì ní Amẹ́ríkà: ọ́ìlì àlòkù tó ń kan awọ ara léraléra ti fa jẹjẹrẹ awọ lára ẹranko tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í ṣe fáàrí.

Ọmọ Ìbàdàn kan tó ń gbé ní Houston sọ fún mi pé òun kàn ń gbé tòun lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta páàtì mọ́tò, wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ibùdó ìdalẹ̀nù tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní táńkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Níbí, àjọ NESREA ti wà láti ọdún 2007 fún ọ̀rọ̀ àyíká, ṣùgbọ́n ilé-epo tó wà ní ìkóríta ọ̀dọ̀ wa kò ní dúrọ́ọ̀mù kan tí ènìyàn lè da tirẹ̀ sí. Ilé-epo yìí kan náà ló ń ta ọ́ìlì tuntun. Mi ò rí ohun tó le nínú pé kí ẹni tó ń tà á gba àlòkù rẹ̀ padà.

Ní báyìí ná, ọ̀nà tó wà ni kí á rọ dúdú padà sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbé tuntun wá, kí á ti ya ìwé ara rẹ̀ kúrò kí á sì fi ọ̀bẹ ha orúkọ rẹ̀, kí á dé e pinpin, kí á sì dorí fílítà àtijọ́ kodò di ọjọ́ kejì kí tirẹ̀ náà lè jò kún un. Mẹkáníìkì tó ní dúrọ́ọ̀mù á gbà á, agégẹdú á gbà á. Má gbé e fún ẹni tí o kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí ó má bàa padà sí Géètì ní àwọ̀ tuntun. Má sì po omi, bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì bíréèkì mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tó ń rà á kiri sọ fún mi pé òun máa ń ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ dé ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kí òun tó dá iye, òun á fà á jáde, òun á wo ìdí rẹ̀. Èyí tí omi bá ti wọ̀, kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.